Páálí Bàtà Tó Kún fún Ọkọ̀

Ọkọ̀ tó rì ló kún inú páálí bàtà mẹ́rin tó wà lábẹ́ ibùsùn Mummy. Bí Mummy fúnra wọn ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fi ìgbálẹ̀ ti àwọn páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Rọra o," Mummy ní, "ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti rì lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀." Mo wo ojú wọn bóyá àwàdà ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo gba yàrá kejì lọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe nílùú London. Woolwich ni mò ń gbé, bọ́ọ̀sì ni mo sì máa ń wọ̀ láràárọ̀ lọ sí South Thamesmead, sí ọ̀kan nínú àwọn ilé kọnkéré àtijọ́ tí wọn ò tíì wó. Tọkọtaya òyìnbó kan ló wà níbẹ̀. Mummy ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Daddy sì fi ọdún méjì jù wọ́n lọ. Ọ́fíìsì wa ní orúkọ ni ká máa pe àwọn tí à ń tọ́jú. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ahọ́n mi kọ̀. Mi ò lè máa pe orúkọ ẹni tó tó bí mi lọ́mọ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bá ń pè wọ́n ní Mummy àti Daddy. Mummy ní àwọn ò rántí ìgbà tí àwọn bí mi, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ tíì pò, àwọn ò ní kọ̀ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí wọ́n ń bá mi sọ; èmi ni mo gbé e wá sí Yorùbá níhìn-ín, nítorí inú Yorùbá ni mo ti ń rántí wọn.

Káàdì ló wà nínú àwọn páálí náà. Káàdì kan, ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ ìpẹja àtijọ́ ni gbogbo wọn, irú èyí tó ń jẹ èédú tó sì ń fi agbára ooru omi rìn, tó ń wọ́ àwọ̀n ńlá lẹ́yìn ara rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Àwọn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ onígbòkun láyé ìyá ìyá Mummy. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, Mummy kọ ibi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ náà, ẹni tó ni ín, orúkọ tó ń jẹ́ àti orúkọ tó yí sí lẹ́yìn tí wọ́n tà á. Àwọn kan yí orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta bí obìnrin tí ilé ọkọ ò rọ̀ lọ́rùn. Ìlà tó kẹ́yìn lórí káàdì ni wọ́n pè ní "ìdí": ìdí tí ọkọ̀ náà fi ṣègbé.

Ogójì ọdún ni Mummy fi kó wọn jọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọjọ́ ìsinmi wọn ni wọ́n sì ń lò nílé ìkàwé, tí wọ́n ń ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́ títí ọmọ ìka wọn á fi dúdú. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ìlú etíkun, sí ọmọ-ọmọ àwọn apẹja, sí ẹnikẹ́ni tó bá lè dáhùn. Bí ìwé ìròyìn méjì bá ta ko ara wọn lórí ọkọ̀ kan, wọ́n á wá ẹ̀kẹta. Mo ti tọ́jú ọ̀jọ̀gbọ́n rí, tòun tìwé ẹ̀rí lára ògiri, kò ní ìdajì sùúrù Mummy.

Kí n má purọ́, mi ò kọ́kọ́ rí ohun tó kàn mí nínú rẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Odò Àlà ni mo mọ̀, ẹni tó bá ká aṣọ sókè á là á kọjá. Ẹja tó kàn mí ni èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo ra pánlá gbígbẹ ní Woolwich kí n tó wọ bọ́ọ̀sì. Mo fi í sínú báàgì, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé Mummy kan. Níbi tí mo ti ń tọrọ àforíjì, Mummy ní kí n mú un wá. Wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ tó le gbagidi, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ẹja yìí náà ni," wọ́n ní. "Lápá Iceland àti Norway ni wọ́n ti ń lọ pa á. Torí rẹ̀ ni àwọn apẹja inú páálí mi ṣe kú." Láti kékeré ni mo ti ń jẹ pánlá, mi ò bi ara mi léèrè rí bóyá ẹnìkan kú níbi tí wọ́n ti mú un wá. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ jókòó ti àwọn páálí wọ̀nyẹn.

Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó lu àpáta nínú kùrukùru lẹ́bàá Iceland. Àwọn apẹja inú rẹ̀ fi okùn fa ara wọn gúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbẹ̀ kan níbẹ̀ sì dìde lórí ibùsùn ara rẹ̀ fún wọn. Òmíràn wà tí omi òkun ń ta sí lára, tí omi náà ń di yìnyín lórí okùn àti òpó rẹ̀. Wọ́n fi àáké gé yìnyín náà títí, apá wọn ò ká a. Orí ọkọ̀ wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ, ó sì dojú dé. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ìjọba gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n ní kí wọ́n máa fi wáyà wọ́ bọ́ǹbù tí ọ̀tá rì sínú òkun bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀n wọ́ ẹja. Ọ̀pọ̀ ló fi ara kan bọ́ǹbù náà kí wáyà tó kàn án. Ní ti àwọn tó ṣì ń pẹja, ọkọ̀ abẹ́ omi á yọ sí wọn lójijì, á ní kí wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, á sì ri ọkọ̀ wọn lójú wọn kòrókòró. Wọ́n á fi ọwọ́ wa ọkọ̀ kékeré náà délé. Tó bá yá, wọ́n á tún wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀.

Mo máa ń fẹ́ dìde kí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn. Èmi tí òtútù ibùdókọ̀ Abbey Wood ń pa lẹ́kún! Mummy ní bí àwọ̀n bá ti wọlé, kò sí pé oorun ń kun ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ wọn á wà nínú yìnyín àti iyọ̀ títí awọ rẹ̀ á fi là. Akọni èèyàn ni wọ́n, mi ò sì rí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ wọn ní London yìí ju ìyá arúgbó kan tó ní páálí bàtà mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn yọ, mo fi àga oníkẹ̀kẹ́ ti Mummy dé etí odò Thames. Wọ́n nawọ́ sí òdìkejì, lápá Barking, wọ́n ní láti ibẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ ìpẹja onígbòkun ti ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láyé ọjọ́un, kí iṣẹ́ náà tó ṣí lọ sápá àríwá. Mo wo ibẹ̀, mi ò rí ju ilé àti ọ̀pá iná lọ. Mummy ń wò ó bí ẹni tó ń rí wọn tó ń jáde.

Daddy kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ káàdì, àmọ́ ooru omi ni iṣẹ́ tiwọn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn ló ń da èédú sínú iná ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò kọjá odò ní Woolwich. "Ṣé o rí ìdérí ìkòkò tó ń jó lórí ìrẹsì?" Daddy bi mí. "Ká ní o lè so ìdérí yẹn mọ́ kẹ̀kẹ́, wàá dé Iceland." Mummy ní ìdí tí àwọn fi fẹ́ Daddy nìyẹn. Grimsby ni Mummy ti wá, ìlú apẹja, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní fẹ́ ọkùnrin òkun. Ọkọ̀ tí Daddy wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá dúró ní Woolwich á máa rí i títí tó fi dé òdìkejì, á sì tún rí i bó ṣe ń bọ̀. "Ọkọ̀ tí mo lè rí àlọ rẹ̀, kí n rí àbọ̀ rẹ̀, ni mo fẹ́," Mummy ní.

"Àti ọmọkùnrin tó rẹwà," Daddy ní.

"Ìyẹn ò sí nínú àkọsílẹ̀," Mummy dá wọn lóhùn.

Káàdì kan ṣoṣo ni wọn ò kọ ìdí sí. Ọkọ̀ tí bàbá ìyá Mummy bá lọ ni. Ó jáde ní Grimsby lọ́jọ́ kan, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ mìíràn wà tó pòórá bẹ́ẹ̀, Mummy kọ "a kò mọ̀" sí ìlà ìdí wọn. Èyí nìkan ni ìlà rẹ̀ ṣófo. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Mummy gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a padà sáàyè rẹ̀, wọ́n ní kí n gbé kẹ́tùlù kaná.

Nígbà tó yá, ọkàn Daddy bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn láàmú. Ọsibítù fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ. Àárọ̀ ọjọ́ náà, mọ́tò ọsibítù dé. Daddy bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹnu ko Mummy lórí. Mummy ò dìde lórí àga. Wọn ò sọ pé ó dàbọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ kò ju, "Wọ sọ́kì tó nípọn." Inú bí mi, kí n sọ òótọ́. Mo ní nínú ara mi pé, irú kí leléyìí? Ọkọ ẹni ń lọ síbi tí wọ́n ti máa la àyà rẹ̀, o ò lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà?

Èmi bá sìn wọ́n. Mo gbé báàgì wọn, mo tẹ̀ lé wọn dé ìdí mọ́tò, mo gbàdúrà lé wọn lórí, mo dúró sí títì, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́ títí mọ́tò fi yà ní kọ́nà. Mo padà wọlé, mo tú aṣọ ibùsùn Daddy, mo kó piyámà wọn, kádígan wọn, tówẹ̀lì wọn, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo da ọṣẹ sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn: ibi tí aláìsàn ń padà bọ̀ gbọ́dọ̀ máa ta sánsán.

Ìró ẹ̀rọ náà ni Mummy gbọ́. Mi ò rí wọn kí wọ́n yára tó bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń rìn.

"Kí lo ń fọ̀?"

"Aṣọ Daddy ni, Mummy."

Ojú wọn funfun báláú. Wọ́n di ẹnu ọ̀nà kíṣìnì mú. "Pa á," wọ́n ní. "Jọ̀wọ́, pa á."

Mo pa á, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà ò ṣí, àfi ìgbà tí omi inú rẹ̀ gbẹ tán. A dúró níwájú rẹ̀, àwa méjèèjì, à ń wo aṣọ Daddy nínú ìfófòó ọṣẹ. Ibẹ̀ ni Mummy ti sọ fún mi. Ní ìlú wọn, ìyàwó apẹja kì í fọ aṣọ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá ń lọ sókun, torí pé ó ń fọ ọkọ rẹ̀ dànù nìyẹn. Kì í sì í juwọ́ sí i, kí ìgbì má baà gbé e lọ, torí ọ̀rọ̀ kan náà, "wave", ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọwọ́ jíjù àti ìgbì òkun. Méjèèjì ni mo ṣe, tọyàyà tọyàyà.

Lọ́jọ́ tí bàbá ìyá wọn lọ, ìyá Mummy jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó sì ba gbogbo aṣọ ibùsùn jẹ́. Kí ni ìyá ọlọ́mọ ó ṣe? Ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Gbogbo obìnrin àdúgbò rí aṣọ náà lórí okùn. Nígbà tí ọkọ̀ ò dé mọ́, obìnrin kan wá sọ ọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé ìyá ọlọ́mọ yìí ló fọ ọkọ ara rẹ̀ lọ àti ọkọ àwọn ẹlòmíràn mọ́ ọn. Àwọn opó ọkọ̀ yẹn ò kí i mọ́ títí ó fi kú. Ìyá Mummy alára dàgbà pẹ̀lú ìmọ̀ pé aṣọ tí òun bà jẹ́ ni wọ́n fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdí tí Mummy fi bẹ̀rẹ̀ káàdì nìyẹn. Wọ́n ń wá ohun tó ń ri ọkọ̀: àpáta, yìnyín, bọ́ǹbù, ìjì. Ogójì ọdún, wọn ò rí ẹyọ kan tí aṣọ rì.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́," Mummy ní. "Ó wà nínú páálí mẹ́rin pé kì í ṣe òótọ́. Wo ọwọ́ mi." Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Èmi kọ́. Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ ká gbálẹ̀ tẹ̀ lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ sírìn-àjò. Bàbá mi jẹ́ tíṣà, wọ́n ń ka Bíbélì láràárọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì kọ nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn, ilé ni wọ́n padà sí. Mo mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ṣí, mo fún aṣọ náà tọṣẹtọṣẹ, mo sá wọn sórí àga inú ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ, wọ́n le bíi páálí. Mo kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀. A ò ní fi omi kàn wọ́n mọ́ títí Daddy á fi dé.

Mo sọ ọ́ fún sister kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí àwa méjèèjì jọ ń wọ bọ́ọ̀sì padà sí Woolwich. Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe.

"Ah-ah! Wait first," ó ní. "Ọkọ̀, òkun, omi, box lábẹ́ bed. Sister mi, ṣé o ò rí i ni? Marine spirit nìyẹn o! Tell your office pé kí wọ́n change client fún ẹ, sharp sharp."

"Marine spirit kọ́, submarine ni," mo dá a lóhùn. "Ìyá arúgbó tó ń ka newspaper ni spirit?"

"Okay o. But you sef, you don pray am? Cancel ẹ̀ lórúkọ Jésù."

Mo ti gbàdúrà. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pàápàá. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Daddy bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ tíì pò níbẹ̀. Mummy rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìbẹ̀rù mi fúyẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, lọ́sàn-án, ọ́fíìsì pè mí. Ọkàn Daddy ti dáṣẹ́ sílẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo ti fi òwe yẹn dá ẹjọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Mi ò ronú rí pé ẹnìkan lè dúró níbi tí àjẹ́ náà dúró sí, kó jẹ́ pé kò mọ nǹkankan, ó kàn ké ni. Mo jókòó sórí ibùsùn mi ní Woolwich, mo ń wo ọwọ́ mi méjèèjì, àwọn tí mo fi juwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé Thamesmead, mo kọjá ẹnu ọ̀nà Mummy lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ní tí wọ́n bá lé mi, ẹ̀tọ́ wọn ni. Mo kan ilẹ̀kùn.

Mummy wà nídìí tábìlì. Wọ́n ti múra, wọ́n ti ya irun wọn. Káàdì kan wà níwájú wọn, wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi kí n tó kúnlẹ̀. Káàdì ọkọ̀ ni, irú èyí tó wà nínú páálí, àmọ́ orúkọ Daddy ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kàn án: Woolwich. Ẹni tó ni ín: Mummy kọ orúkọ ara wọn. Nísàlẹ̀, nídìí ìlà tó kẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Ìdí: ọkàn tó ti gbó. Kì í ṣe aṣọ fífọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò ní sùn," Mummy ní. "Mo fẹ́ kó o kà á kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ fún ìyá ìyá mi."

Mo sunkún. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú lánàá, tí kò tíì jẹun, tó jókòó tó ń wá bí òun ṣe máa gba ẹrù kúrò lórí ẹni tó ń fọ àwo fún un! Mo ti rí ọlọ́lá, mo ti rí ọlọ́làjú, mi ò tíì rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Mummy ní kí n dìde nílẹ̀, orúnkún mi ò sàn ju ti àwọn lọ.

Nígbà tí mo nu ojú mi tán, mo lọ sábẹ́ ibùsùn. Mo mú páálí kẹta wá, mo yọ káàdì tí ìlà rẹ̀ ṣófo, mo gbé e ka iwájú wọn.

"Mummy, ẹ kọ ọ́ fún ìyá àgbà náà."

"Mi ò mọ ìdí tó fi rì. Mi ò kọ ohun tí mi ò mọ̀ rí."

"Ẹ mọ ohun tí kì í ṣe."

Wọ́n mú bírò. Ó pẹ́ kó tó kan káàdì náà, ṣùgbọ́n nígbà tó kàn án, ọwọ́ wọn ò gbọ̀n. "Ìdí: a kò mọ̀. Kì í ṣe aṣọ fífọ̀."

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n lọ gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ Daddy wá. Mo kó wọn sínú ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe le gbagidi, mo ṣí omi sí wọn. Mummy rọra tọ̀ mí wá pẹ̀lú irin wọn, wọ́n ní kí n gbé àga wá fún àwọn. Wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n ń wo aṣọ ọkọ wọn tó ń yí po, títí ó fi parí.